Kóòdù ìrànwọ́ tó ń jẹ́ kí Java lè sáré láìṣubú

Nígbà tí iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé èdè Java jáde lọ́dún 1995, ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi bú u ni pé ó lọ́ra. Ètò tí a bá fi Java kọ kì í bá prósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní tààrà. Virtual machine ló wà láàárín wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi kóòdù kọ́ sínú ẹ̀rọ gidi, ògbufọ̀ inú rẹ̀ sì ń ka àṣẹ kọ̀ọ̀kan kó tó ṣe é. Lọ́dún 1999 ni Sun gbé HotSpot jáde, èyí tó ń ṣọ́ ètò bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, tó sì ń yí apá tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù padà sí èdè tí prósẹ́sọ̀ gbọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìyìn ti ń lọ sọ́dọ̀ kọ̀mpáílà tó ń ṣe ìyípadà yìí. Ìyìn náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò tọ́ sí òun nìkan. Kọ̀mpáílà náà kò ní lè láyà tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti àwọn kóòdù ìrànwọ́ tó dúró tì í lẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ kì í dárúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun kékeré kan tó ń ṣẹlẹ̀ láìmọye ìgbà: kí ètò béèrè ààyè nínú mẹ́mọ́rì fún nǹkan tuntun. HotSpot ti bu ààyè sọ́tọ̀ fún thread kọ̀ọ̀kan, ìyẹn okùn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ètò ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, bí oníṣòwò tó kó díẹ̀ lára ọjà síwájú ìsọ̀ kó má baà máa wọ yàrá ẹrù nígbà gbogbo. Kóòdù tí kọ̀mpáílà ṣe yóò kàn wo ibi tí wọ́n lo ààyè náà dé, yóò sún àmì síwájú, yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kọjá òpin, ó parí. Ìgbà tí ààyè bá tán ló ń di ọ̀ràn, torí ó lè gba pé ká bu òmíràn, ó sì lè gba pé ká kọ́kọ́ palẹ̀ pàǹtí mọ́ nínú mẹ́mọ́rì. Kọ̀mpáílà kì í ki gbogbo wàhálà yẹn bọ inú kóòdù tó ń ṣe. Kóòdù ìrànwọ́ kan tó ń jẹ́ new_instance_C ló máa ń ké sí. Ìpè yẹn fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra, nítorí ẹ̀ka tó ń palẹ̀ pàǹtí mọ́ lè gbé nǹkan kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí kọ̀mpáílà fi ń ṣe àkọsílẹ̀ fún ojú ìpè kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ibi tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wà, kí wọ́n lè tún un ṣe kí iṣẹ́ tó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ àbá dídá ló wá jinlẹ̀ jù. Ká ní ètò kan ń pe iṣẹ́ kan tí onírúurú class lè ṣe lọ́nà tiwọn, ṣùgbọ́n tí HotSpot kò tíì rí ju ẹyọ kan lára wọn. Kọ̀mpáílà yóò dá a lábàá pé kò sí òmíràn, yóò yọ àyẹ̀wò dànù, yóò sì kó iṣẹ́ náà mọ́ inú kóòdù tó pè é. Bí class kejì bá wá wọlé ńkọ́? Kóòdù tó ń sáré yẹn ti di irọ́, bẹ́ẹ̀ a kò sì lè ní kí ètò padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kóòdù ìrànwọ́ ìpadàsẹ́yìn ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ka àkọsílẹ̀ ojú ibẹ̀, yóò ṣa iye kọ̀ọ̀kan jọ láti ibi tí kọ̀mpáílà fi í pamọ́ sí, yóò tò wọ́n bí ògbufọ̀ ṣe fẹ́ rí wọn, iṣẹ́ yóò sì máa lọ láti ojú ibi tó dé gan-an, láìsí pé ìdáhùn yí padà. Urs Hölzle, Craig Chambers àti David Ungar ló ṣàlàyé ọgbọ́n yìí lọ́dún 1992, lórí èdè Self. Kí ẹni tó ń wá àṣìṣe lè rí ètò rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà àtipadà ti wà, kọ̀mpáílà rí ààyè láti dá àbá tí kò jẹ́ dá tẹ́lẹ̀. Hölzle wà lára àwọn tó gbé ìmọ̀ yìí dé iléeṣẹ́ Animorphic, tí Sun rà lọ́dún 1997, ibẹ̀ ni HotSpot sì ti ṣẹ̀.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí a kò kúkú yí gbogbo ètò padà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àbá àti ìpadàsẹ́yìn má sí rárá. Google dán an wò. Nínú Android 5.0 tó jáde lọ́dún 2014, ìgbà tí èèyàn bá ń gbé áàpù, tí wọ́n sábà máa ń fi Java kọ, sórí fóònù ni wọ́n ń yí i padà. Àwọn tó lo fóònù nígbà náà yóò rántí àpótí tó máa ń hàn lẹ́yìn àtúnṣe Android, tó ń ka áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi tán, àti bí ibi ìpamọ́ ṣe ń tètè kún. Lọ́dún 2016, Android 7.0 dá kọ̀mpáílà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí áàpù ń lọ lọ́wọ́ padà, kó lè kọ́kọ́ wo apá tí onífóònù ń lò gan-an. Yíyípadà tẹ́lẹ̀ dára fún ètò kúkurú tó gbọ́dọ̀ tètè dìde, n kò jiyàn ìyẹn. Síbẹ̀, áàpù tí wọ́n ti yí padà tẹ́lẹ̀ pàápàá ṣì ń ké sí kóòdù ìrànwọ́ nígbà tó bá fẹ́ ààyè mẹ́mọ́rì.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ààbò. Lọ́dún 2021, Microsoft gbé ìlànà kan wá fún aṣàwákiri Edge tó ń pa kọ̀mpáílà JavaScript, èyí tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, nítorí àwọn ọ̀daràn ń gba ibẹ̀ wọlé. Apple náà pa á nínú Lockdown Mode lọ́dún 2022, fún àwọn tí wọ́n lè dìídì dojú ìkọlù kọ, bí oníròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́. Wọ́n ṣe ohun tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àṣìṣe tó sábà máa ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn: kọ̀mpáílà ṣi ìṣirò ṣe, ó gbà pé iye kan kò lè kọjá ààlà, ó wá yọ àyẹ̀wò kúrò láìsí ibi tí yóò padà sí. Àbá tó ní ìpadàsẹ́yìn kọ́ ló ṣe é; ìdánilójú tí kò ní ẹ̀rí ni.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2006 ni kóòdù HotSpot ti wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni. Kí àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀mpáílà má fi mọ sórí bí a ṣe ń yí kóòdù padà. Kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí fáìlì runtime.cpp nínú fódà opto, níbi tí kóòdù ìrànwọ́ bíi new_instance_C wà, kí wọ́n sì kà á dé ìparí.