Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ta Ló Ní Ìlú Ti Gbà?

Abala 116 òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 ní kí ilé iṣẹ́ àti ará ìlú tọwọ́ bọ àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìròyìn ṣe sábà máa ń gbé e jáde: fọ́tò ọba àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, àkọlé gàdàgbà nípa iṣẹ́ fún ọ̀dọ́. Àwa tá a wà n'Íbarà l'Abẹ́òkúta kà á, a ní Ewékorò, ìlú sìmẹ́ǹtì, ti gbà. Ìyá tí eruku sìmẹ́ǹtì bo òrùlé rẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbé máíkì sí i lẹ́nu. (Abẹ́òkúta tó ti ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, Ìwé Ìròhìn, lọ́dún 1859 rèé o!) Bí ẹ bá tún gbọ́ pé ìlú fọwọ́ sí i, ẹ bi akọ̀ròyìn: ìpàdé wo, àwọn wo ló sì jókòó níbẹ̀?