Àkọ̀ Bàbá, Àkọ̀ Ọmọ

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Mo ti túmọ̀ òwe yìí nínú ìdánwò rí nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá ní yunifásítì, mo sì gba máàkì tó dára lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo ti wá mọ̀ pé àkọ̀ pẹ̀lú lè wó ilé onílé, bí kò bá yẹ ohun tí a kì bọ inú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Houston láti kékeré, fi iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ jẹun fún ọdún 29. Wọ́n ṣọ́ báńkì, wọ́n ṣọ́ ilé ìtajà, wọ́n ṣọ́ ọgbà ilé ìwòsàn ní òru. Owó iṣẹ́ náà ni wọ́n fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé-ìwé, nínú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé, tí èmi náà fi rí ìwé kà. Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Àbíkẹ́yìn wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún 24, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, Dádì gbé ohun kan tí wọ́n fi ògbólógbòó adìrẹ wé jáde láti inú àpótí onírin. Wọ́n tú u sórí tábìlì. Ìbọn ìléwọ́ ni, wọ́n ti yọ gbogbo ọta inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àkọ̀ awọ pupa rúsúrúsú kan wà, tí ọjọ́ orí ti ń sọ di dúdú.

Wọ́n wí fún ọmọ wọn pé, "Ohun tí mo fi tọ́ yín nìyí. Ìwọ ló kàn."

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì mú àkọ̀ tuntun kan tó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, awọ dúdú tó ń dán yinrin. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Mo gba ìbọn, ṣùgbọ́n mo ti ní àkọ̀ tèmi." Dádì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àbúrò mi rọra dáhùn pé, "Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n àkísà kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́."

Mọ́mì dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró. Wọ́n ní, "Ìbọn yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Àkọ̀ rẹ̀ ni." Kò sí èyí tó mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nínú àwa ọmọ.

Wọ́n ní kí èmi ṣe onídàájọ́, torí pé n kò mọ nǹkan kan nípa ìbọn, n kò sì ní ẹni tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì bi àwọn tó mọ̀ léèrè, mo sì bá àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ kan tó ń fi ọwọ́ rán àkọ̀ ní ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn Houston. Ohun tí mo rí nìyí.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni àkọ̀ ń ṣe

Àkọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ di ìbọn mú, kó má bàa já bọ́ nígbà tí ènìyàn bá sáré tàbí tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ́dọ̀ bo tírígà, ìyẹn irin kékeré tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, kí ohunkóhun má bàa kàn án. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó ni ìbọn dé ibi tó yẹ láìjìjàkadì.

Òfin pàápàá ka àkọ̀ sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ìpínlẹ̀ Texas ti gba ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, láyè láti gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, bí ìbọn náà bá hàn sójú, inú àkọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn ṣiṣẹ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ.

Awọ èèpo igi àti awọ kẹ́míkà

Awọ màlúù ni àkọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe awọ náà yàtọ̀ síra. Omi èèpo igi ni wọ́n fi rẹ awọ ti Dádì, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ oṣù. Irú awọ bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ bí amọ̀ bí omi bá kàn án. Bí ènìyàn bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan lára, tó sì jẹ́ kó gbẹ, yóò le gbagidi, yóò sì gba àwòrán nǹkan náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi sábà máa ń yan irú awọ yìí láti rán àkọ̀.

Kẹ́míkà chromium ni wọ́n fi ń ṣe irú awọ kejì. Kì í gba ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì rọjú. Ó dára fún bàtà, fún àpò obìnrin àti fún aṣọ òtútù, nítorí pé ó rọ̀. Rírọ̀ náà gan-an ni àléébù rẹ̀ bí a bá fẹ́ fi ṣe àkọ̀, torí pé kì í di àwòrán tí a bá fún un mú. Irú rẹ̀ ni àbúrò mi rà. Oníṣẹ́ awọ náà fi èékánná ha ojú rẹ̀, dídán náà sì ṣí bí èèpo àlùbọ́sà: ọ̀dà ike ni wọ́n kùn sí i. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì rí i pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ó fi irin ìwọ̀n wọn ti Dádì, ó ju mìlímítà 3 lọ díẹ̀, awọ kan ṣoṣo láìsí àmúlùmálà.

Dádì ìbá yọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kìlọ̀ fún wa pé kí a má rò pé gbogbo ohun àtijọ́ ló dára. Lóòótọ́, àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ṣì ń fi owó gidi wá iṣẹ́ ọwọ́ Heiser ti ìlú Denver, S. D. Myres ti El Paso àti George Lawrence ti Portland. Ṣùgbọ́n nígbà ayé wọn náà ni àwọn mìíràn ń rán jákujàku. Àwọn jákujàku náà ti jẹrà, èyí tó dára nìkan ló kù tí à ń rí. Ohun tó ṣẹ́ kù ni a fi ń ṣe ìdájọ́ gbogbo ìgbà àtijọ́.

Rírán

Ọ̀nà tí àwọn tó ń rán gàárì ẹṣin ń gbà ránṣẹ́ ni wọ́n fi rán àkọ̀ Dádì: òwú kan, abẹ́rẹ́ méjì. Òòlu ni yóò kọ́kọ́ dá ihò lu, abẹ́rẹ́ méjèèjì yóò sì gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, èkejì láti òsì. Bí òwú bá já níbì kan, àwọn tó kù yóò ṣì dúró. Ti ẹ̀rọ yàtọ̀: òwú méjì ló ń kọ́ ara wọn láàárín awọ, bí ọ̀kan bá sì já, àwọn tó wà nítòsí lè máa tú.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá. John Bianchi, ọlọ́pàá kan ní California, bẹ̀rẹ̀ sí í rán àkọ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, iṣẹ́ náà sì di ilé iṣẹ́ ńlá tó ń rán fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́pàá. Bí ẹ̀rọ bá lágbára, tí awọ sì jẹ́ ojúlówó, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tọ́jọ́. Òwú ìgbà yìí tilẹ̀ borí ti àtijọ́. Òwú ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fi ìda pa ni ti Dádì, òógùn ọdún pípẹ́ sì ti jẹ ẹ́ níbi tí ìgbànú ń gbà kọjá. Òógùn kì í tètè jẹ òwú náílọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀.

Bíbá ara mu

A dán àkọ̀ mẹ́ta wò: ti Dádì, ti àbúrò mi, àti èyí tí oníṣẹ́ awọ náà rán fún irú ìbọn náà gan-an. A yẹ ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta nínú rẹ̀, a kì í bọ inú àkọ̀, a sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tìmùtìmù. Nínú àkọ̀ Dádì, ìbọn náà yọ́ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nínú ti àbúrò mi, okùn tó ní bọ́tìnnì nìkan ló dì í mú. Bí a ti ṣí okùn náà, ìbọn já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ẹ̀kẹta, kò mì rárá láìsí okùn kankan, síbẹ̀ ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí àbúrò mi fà á.

Àṣírí rẹ̀ kò ju omi àti sùúrù lọ. Oníṣẹ́ awọ ní ère ìbọn tí wọ́n fi ike ṣe, oríṣi ìbọn kan, ère kan. Yóò rẹ àkọ̀ tó rán tán sínú omi, yóò ki ère náà bọ̀ ọ́, yóò wá máa fi egungun dídán tẹ awọ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó gbẹ. Àkọ̀ ti àbúrò mi jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní ó gba gbogbo ìbọn, bí fìlà tí wọ́n ní ó gba gbogbo orí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ so iná tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìbọn, àkọ̀ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ yí padà.

Ẹnu àkọ̀ ni ẹ̀mí wà

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò ti ẹnu àkọ̀ Dádì. Ó ṣẹ́ wọ inú bí etí ajá. Ó ní, "Ẹ má lo èyí mọ́." Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ń dá ìbọn padà sínú àkọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti rọ̀, awọ tó ṣẹ́ náà lè bọ́ sí iwájú tírígà. Bí a ti ń ti ìbọn wọlé, awọ ni yóò ṣe bí ìka. Nínú àkọ̀ tuntun tó dára, wọ́n máa ń rán awọ líle tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu yíká, kí ó lè dúró láìṣẹ́.

Àwọn ará àtijọ́ kì í tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ bo tírígà. Àkọ̀ tí Tom Threepersons, agbófinró kan ní El Paso, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, tí Myres sì ń rán, fi ibi tírígà sílẹ̀ gbayawu kí ọwọ́ lè yá. Irú ìbọn tí wọ́n ń lò nígbà náà ní tírígà tó wúwo, tàbí kí àtàǹpàkò kọ́kọ́ fa òòlù rẹ̀ sẹ́yìn kó tó lè dún. Ọ̀pọ̀ ìbọn ìgbà yìí kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àkọ̀ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ bò ó pátápátá.

Nígbà tí a délé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Dádì kò sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì mú bàtà dúdú kan wá. Ihò kan wà létí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó fẹ̀ tó ìka ọmọdé. Wọ́n ní ọdún kan kí àwọn tó fẹ̀yìn tì ni. Wọ́n ń dá ìbọn padà ní ibi iṣẹ́, ìbọn dún, ọta gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọlẹ̀. Mọ́mì nìkan ló mọ̀, torí pé àwọn ni wọ́n fọ ṣòkòtò tí iná jó.

"Mo rò pé ìka mi ni," ni Dádì wí. "Mo rò pé mo ti darúgbó ni."

Àbúrò mi gbé bàtà náà, ó wo ihò rẹ̀ títí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, bí ẹ bá fẹ́ jogún

Bí irú ohun èlò yìí bá wà nínú ilé ẹbí yín lókè òkun, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ ti ẹnu àkọ̀. Bó bá ṣẹ́ wọ inú, ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Ẹ yọ gbogbo ọta kúrò, ẹ fi ìbọn sínú àkọ̀, kí ẹ sì tẹ awọ láti ìta. Tírígà kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ má rẹ àkọ̀ sínú epo, nítorí epo ń sọ awọ di jẹ́lẹ́. Ẹ má sì sá a sínú oòrùn gbígbóná tàbí sẹ́bàá iná, kó má bàa sán. Ẹ má fi ìbọn pamọ́ sínú àkọ̀ awọ: awọ ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́ sì ń jẹ irin, irin á dógùn-ún, ọta onídẹ á sì hu ìpẹtà. Àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ilé ìbọn nígbà tí kò bá sí lára. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin bí ènìyàn bá fi ìbọn tó ní ọta sílẹ̀ láìtì í pa níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti rí i mú. Àwọn ọmọ-ọmọ Dádì sì máa ń kún ilé náà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Ìdájọ́ mi kò pẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù nínú àkọ̀ bàbá àti ti ọmọ, ti Dádì ni. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yẹ láti gbé níbẹ̀. Ti Dádì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ti àbúrò mi kò lè ṣe iṣẹ́ kankan. Àbúrò mi fi sísọ́ọ̀sì gé tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má bàa ṣà á lò. Dádì san ìdajì owó àkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ náà, wọ́n sì ní kó lo awọ pupa rúsúrúsú, irú tiwọn.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílé, àkọ̀ àtijọ́ náà ti wà lára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wọn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mọ́mì ló gbé e kọ́ síbẹ̀.