Lékeléke Wo Lẹ Rí?

Ìbéèrè kan pa mí lẹ́nu mọ́ ní ìsinmi tó kọjá.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà nínú dánfó lórí afárá Third Mainland. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró, mo wá rí ẹyẹ funfun kan nínú ọ̀sà lápá Mákòókó. Mo ní, “Bọ̀dá, ẹ wo lékeléke!” Wọ́n ní, “Màlúù rẹ̀ dà?” Àwọn èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Àṣé ẹyẹ méjì là ń pè ní lékeléke. Òyìnbó ń pe ọ̀kan ní Cattle Egret, èkejì ní Little Egret. Èmi á pè wọ́n ní lékeléke màlúù àti lékeléke omi.

Àgógó ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti lékeléke màlúù kúrú, àwọ̀ dánfó ló ní; ọrùn rẹ̀ náà ò gùn púpọ̀. Ti lékeléke omi gùn, ó tín-ín-rín, ó dúdú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú, àfi ìka ẹsẹ̀ tó ní àwọ̀ dánfó, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀.

Oúnjẹ wọn náà yàtọ̀. Bí màlúù bá ń tẹ koríko, tata á fò sókè, lékeléke màlúù á ṣà á jẹ. Ó máa ń tẹ̀lé katakata náà lóko. Lékeléke omi ní tiẹ̀ á fi ẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ nínú omi tí kò jìn, kí ẹja wẹ́wẹ́ àti edé lè sá jáde.

Ẹni tó ń bá màlúù rìn kì í wá ibùgbé tì. Lékeléke màlúù fúnra rẹ̀ fò sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà; nígbà tó di 1941, wọ́n ti rí i ní Florida.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: wọ́n ń fi yanrìn dí etí ọ̀sà wa, ilé sì ń hù níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Níbo ni lékeléke omi á ti máa ru ẹrẹ̀? Bó bá lọ, a lè má tiẹ̀ mọ̀. A ṣì máa rí ẹyẹ funfun lẹ́yìn màlúù, a ó ní, “Ṣebí lékeléke ṣì pọ̀.”

Tí ẹ bá tún gun afárá, ẹ wo àgógó ẹnu kí ẹ tó dárúkọ ẹyẹ o.