Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀ Tó Ń Yẹ Aago Wò ní Bonapriso

Bí onílù bá ń sáré díẹ̀ tó tún ń fà díẹ̀, ẹsẹ̀ oníjó kò ní pẹ́ mọ̀. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ wà nínú fóònù, rédíò àti òpó tẹlifóònù. Kírísítálì kékeré kan ló ń lù ú, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ń pè é ní aago. Lábẹ́ ìlànà GSM, òpó tó ń gbé ìgbì tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 900 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò gbọ́dọ̀ fi ju 45 ṣìnà. Bí ìlù náà bá ń ṣe ségesège, ìpè á máa já.

Àdúgbò ọlọ́fíìsì àti ilé oúnjẹ ni Bonapriso jẹ́ ní ìlú Douala. (Ní èdè Duala, “Bona” ń tọ́ka sí ìran ẹnì kan, bí ìgbà tí àwa bá ní agbo ilé lágbájá.) Láti 2002 ni SAT-3, wáyà abẹ́ òkun tó gba Èkó àti Kútọnu, ti ń ṣiṣẹ́ ní Douala. Ẹni tó bá fẹ́ máa tún ẹ̀rọ tẹlifóònù ṣe níbẹ̀ nílò ohun tó lè wọn ìlù yìí. Tuntun wọ́n gan-an, tòkunbọ̀ ló kù.

Orúkọ iwájú ẹ̀rọ máa ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Lọ́dún 1999 ni HP ya ẹ̀ka ohun èlò ìwọ̀n rẹ̀ sọ́tọ̀, ó di Agilent. Ní 2014, ó tún di Keysight. Èyí tó bá ṣì ń jẹ́ HP ti lé ní ogún ọdún dáadáa.

Àmọ́ ogbó nìkan kọ́ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ̀rọ tó fẹ́ gbọ́ ariwo ẹlòmíì ní ariwo tirẹ̀ náà. Ọgbọ́n tí Agilent E5052B ń dá ni pé etí méjì ló fi ń gbọ́: àṣìgbọ́ etí kìíní kì í bá ti ìkejì mu, nítorí náà ohun tí méjèèjì bá jọ gbọ́ ló ń kà sí òótọ́. Tó bá tẹ́tí ní ìgbà 100, agbára ariwo tirẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdá kan nínú 10. Bí etí kan bá ti kú, olùrà lè má tètè mọ̀. Kó ní kí olùtajà so aago 10 MHz tó mọ́ dáadáa mọ́ ọn, kó rí èsì rẹ̀ kó tó sanwó. Owó náà kò tíì tán o: TVA ní Kamẹrúùnù jẹ́ 19.25%, yàtọ̀ sí owó kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ẹ wo iná pẹ̀lú. 100 V ni wọ́n ń lò ní Japan, 120 V ní Amẹ́ríkà, 220 V ní Douala. Ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń yí i. Ẹni tó bá gbàgbé, èéfín ló máa rí.

Ibi tó le jù ni délestage, bí wọ́n ṣe ń pe iná mímú ní Douala. Inú ààrò kékeré ni kírísítálì tó dára ń gbé, kí ooru rẹ̀ má bàa yí padà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà míì ọjọ́ mélòó kan, kó tó fìdí múlẹ̀. Bí iná bá lọ ní ìrọ̀lẹ́, ààrò tutù nìyẹn, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdílé tó bá ń dá owó ẹ̀rọ jọ, kí wọ́n yáa dá ti bátìrì mọ́ ọn.