Fáìlì tẹ́ ẹ ṣèèṣì pa rẹ́ ṣì ṣeé rí, àmọ́ ẹ dáwọ́ dúró ná

Kò ya èèyàn lẹ́nu mọ́ láti rí télọ̀ tàbí onílé ìtẹ̀wé tó kó gbogbo okòwò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Orúkọ oníbàárà, iye tí kálukú jẹ, iṣẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọn ò tíì tẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣèèṣì pa fáìlì gbèsè rẹ́, àwọn onígbèsè nìkan ni inú wọn máa dùn.

Tó bá jẹ́ Delete lásán ni wọ́n tẹ̀ lórí Windows, kò tíì bà jẹ́. Inú Recycle Bin, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ni fáìlì náà lọ. Ẹ ṣí i, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ mú Restore, yóò padà síbi tó wà. Àmọ́ ẹni tó tẹ Shift mọ́ Delete, tàbí tó pa fáìlì rẹ́ látinú fíláàṣì, kò ní í bá a níbẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn ba nǹkan jẹ́. Orúkọ fáìlì nìkan ni kọ̀ǹpútà fagi lé; ohun tó wà nínú ẹ̀ ṣì wà lórí hard disk. Ó dà bí ìgbà tí onílé pa orúkọ ayálégbé rẹ́ nínú ìwé rẹ̀, tí ẹrù ayálégbé ọ̀hún ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí ayálégbé tuntun bá kó ẹrù dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Fíìmù tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, lẹ́tà tẹ́ ẹ tẹ̀, kódà íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ń wò, ayálégbé tuntun ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ fíláàṣì tàbí mẹ́mórì káàdì, ẹ yọ ọ́. Recuva àti PhotoRec wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún wíwá irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Recuva ló rọrùn jù fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà púpọ̀. PhotoRec ní tiẹ̀ kì í ṣe fọ́tò nìkan ló ń wá, bí orúkọ rẹ̀ tiẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í dá orúkọ fáìlì padà, ẹ máa ní láti ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kẹ́ ẹ ti gbà á sórí fíláàṣì, kẹ́ ẹ sì kó ohun tẹ́ ẹ bá rí síbòmíì.

Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ní láti tètè mọ̀ pé SSD ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn dípò hard disk. SSD máa ń fúnra rẹ̀ nu ibi tí fáìlì wà láìpẹ́ sígbà tí wọ́n bá pa á rẹ́, ìrètí ibẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀dà sórí Google Drive sàn jù, nítorí ohun tó bá pa rẹ́ níbẹ̀ ṣì máa wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù wọn fún ọjọ́ 30.

Tó bá wá di pé ẹ gbé e lọ bá oníṣẹ́, ì báà jẹ́ ní Computer Village n'Ìkẹjà, ẹ jọ fẹnu kò lórí iye owó kó tó tú u, kó sì fi fáìlì hàn yín kẹ́ ẹ tó san án tán.