Páálí àbí Ike: Kẹ̀kẹ́ Wo Ló Yẹ Okùn Ìpẹja?

Ṣé ẹ mọ kẹ̀kẹ́ òwú tó máa ń wà lórí máṣíìnì télọ̀? Tí òwú bá ti tán lára rẹ̀, a máa ń jù ú nù ni, kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn apẹja kan wà ní Britain àti Amẹ́ríkà tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di àríyànjiyàn láàárín wọn: ṣé ike ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe é ni, àbí páálí?

Ike ni mò ń ṣèwádìí lé lórí fún oyè kejì mi ní yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn ẹja pípa fi gbé ìbéèrè náà wá bá mi. Kẹ̀kẹ́ ike tó ti ṣófo kún inú àpótí rẹ̀, okùn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì dé lórí kẹ̀kẹ́ páálí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun kó gbogbo ike yẹn dànù, kóun sì máa tọ́jú okùn òun sórí páálí. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, torí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Okùn yìí kì í ṣe okùn lásán

Irú ìpẹja tí mò ń sọ ni èyí tí Òyìnbó ń pè ní fly fishing. Wọn kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ àti irun ẹran ni wọ́n máa ń dì mọ́ ìwọ̀ kékeré kan títí yóò fi jọ kòkòrò. Ìwọ̀ yìí fúyẹ́ débi pé kò ṣeé jù síwájú, afẹ́fẹ́ á kàn dá a padà ni. Ìwúwo okùn fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ìyẹn ló fà á tí okùn náà fi nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 1, tó sì sábà máa ń gùn tó mítà 27. Èyí tó dáa gan-an lè gbà ju 80 pọ́ùn lọ lọ́wọ́ ẹni. Kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ṣeré.

Láyé àtijọ́, òwú sílíìkì, tó jẹ́ ìbátan sányán wa, ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá fi òróró linseed pa á lára. Tí apẹja bá ti odò dé, dandan ni kó tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jẹrà. Ní 1935 ni Wallace Carothers àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní DuPont ṣe nylon jáde. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, okùn oníke ti dé: nylon ló wà nínú, PVC ló bò ó níta. Ilé iṣẹ́ Scientific Anglers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Midland, ìpínlẹ̀ Michigan, ní 1945, wà lára àwọn tó mú irú okùn yìí gbajúmọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lo PVC o. Polyurethane ni Airflo, tó bẹ̀rẹ̀ ní Wales, ń fi bo okùn tirẹ̀.

PVC yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi tó wà lẹ́yìn ilé yín. Páìpù le, àmọ́ okùn rọ̀. Kí ló fà á? Àwọn kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní plasticizer ni. Wọ́n máa ń há sáàárín àwọn mólékù PVC, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn. Ẹ fi plasticizer yìí sọ́kàn, a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Okùn máa ń rántí bó ṣe sùn

Tí wọ́n bá tú okùn tó ti pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, ó máa ń ká bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í lọ síwájú dáadáa, kì í sì í tẹ́ sórí omi. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀ lára wáyà ṣájà tí ẹ ká tí ẹ sì so fún oṣù mélòó kan. Àwọn mólékù ike gùn, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn bíi sìpàgẹ́tì inú abọ́. Tí ẹ bá ká a síbì kan tó pẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń sún, títí ìkáká yẹn á fi bá wọn lára mu. Ooru sì máa ń mú kó yá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí ẹ bá ká okùn tó nípọn ní mìlímítà 1 sórí kẹ̀kẹ́ tí àárín rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 40, ẹ̀yìn okùn náà á nà ní nǹkan bí ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí àárín kẹ̀kẹ́ bá fẹ̀ tó mìlímítà 100, nínà yẹn á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 1 péré. Ṣé ẹ rí i pé mi ò tíì dárúkọ páálí tàbí ike nínú ìṣirò yìí? Okùn ò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ tó wà lórí rẹ̀, bí àárín rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó nìkan ló mọ̀. Kẹ̀kẹ́ páálí tó fẹ̀ sàn ju kẹ̀kẹ́ ike tó kéré lọ níbí, òdìkejì rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrésà àti rúlà

Ẹ rántí ìgbà tí a wà níléèwé. Ẹ fi ìrésà sínú àpò pẹ̀lú rúlà oníke, ọlidé parí, ẹ ṣí àpò, àwọn méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra, ojú rúlà sì ti yọ́. PVC ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìrésà funfun, plasticizer rẹ̀ ló sì ṣí lọ sínú rúlà. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ aṣọ bébà fún irú ìrésà bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníná náà mọ̀ ọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí wáyà PVC fara kan polystyrene, irú fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, torí plasticizer á kúrò lára wáyà, fóòmù á yọ́, wáyà á sì gan.

Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí okùn PVC tó wà lórí kẹ̀kẹ́ polystyrene fún ọ̀pọ̀ oṣù, àgàgà níbi tó gbóná. Okùn tí plasticizer rẹ̀ ti ń lọ á máa gan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Polypropylene ní tiẹ̀ kì í gba plasticizer wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn. Torí náà, ike ò dọ́gba. Ẹ wo ìdí kẹ̀kẹ́ náà: tí 5 bá wà nínú àmì onígun mẹ́ta, polypropylene ni. Tó bá jẹ́ 6, polystyrene ni. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Polypropylene fúyẹ́ ju omi lọ, á léfòó. Ògidì polystyrene á rì.

Páálí àti omi

Níbi ọ̀rọ̀ plasticizer, páálí gba máàkì, torí kì í yọ́ bíi polystyrene. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí omi dé. Fọ́nrán igi ló para pọ̀ di páálí, ìdè háídírójìn tín-ín-tìn-ìn-tín ló sì so wọ́n pọ̀. Omi máa ń wọ àárín wọn, á tú ìdè náà, páálí á wú, á rọ̀, á sì pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Kódà láìsí òjò, ó máa ń fa ọ̀rinrin látinú afẹ́fẹ́. Okùn tó ti odò dé, tí nylon inú rẹ̀ náà lè mu omi, tí ẹ wá ká mọ́ páálí nínú àpótí tí ẹ dé pa: èébú á hù níbẹ̀ láìpẹ́.

Síbẹ̀, omi tó ń tú páálí ká yìí gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ń sọ bébà àtijọ́ di tuntun ń lò. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á pò ó di ọ̀bẹ̀, wọ́n á tún un tẹ́. Ìwà tó ń dójú ti páálí nílé apẹja ló ń gbà á là ní ààtàn. Ti ike ni òdìkejì: kì í jẹrà nínú àpótí yín, kì í sì í jẹrà nínú odò. Ṣe ló máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ẹja á máa gbé mì.

Ibi tí mo dúró sí

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi okùn dé ọjà ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọjọ́ tí okùn bá bọ́ sórí ríìlì ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Kò sídìí tó fi yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé ju ẹni tó rà á lọ. Páálí ló yẹ ibẹ̀, tí wọn ò bá ti lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, torí ọ̀rá máa ń dí àtúnlò rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó tún dáa jù ni kí ẹ ní kí wọ́n ká okùn náà sórí ríìlì yín ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ á sì dúró sọ́dọ̀ wọn.

Ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù yàtọ̀ síyẹn. Ibẹ̀ ni ike ti wúlò, èyí tó ti wà nílẹ̀ ni mo sì ń sọ, kì í ṣe kí ẹ lọ ra tuntun. Ẹ mú èyí tó léfòó, tí àárín rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ nu okùn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì ká a láìfà á le. Ẹ má fi í sínú mọ́tò tó wà lóòrùn. Tó bá jẹ́ polystyrene nìkan ló wà, ẹ fi bébà gbígbẹ wé àárín àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ká okùn sí i, bí aṣọ ìrésà.

Ohun tó ká mi lára jù nìyí: okùn náà fúnra rẹ̀, ike ni. Ẹni tó bá da kẹ̀kẹ́ ike rẹ̀ nù nítorí àyíká, tó wá jẹ́ kí okùn bàjẹ́ lórí páálí tútù, ti sọ mítà 27 ike di pàǹtírí, á sì tún lọ ra mítà 27 mìíràn. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dín ike tó ń wọ odò kù ni kí okùn kan pẹ́ lọ́wọ́ wa, kó má sì sí ìkankan tá a máa gé sílẹ̀ létí omi fún ẹyẹ láti kó sí.