Ọjọ́ Mélòó Ló Wà Nínú Ìtàdógún?

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni wọn ó sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo wa a sì máa wí pé ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ pé. Ẹni tó wo kàlẹ́ńdà, tó yọ ọjọ́ ìbí kúrò, méje ni yóò bá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́. Yorùbá ka ọjọ́ tí ọmọ dé mọ́ ọn ni. Irú òǹkà yìí ló bí ọ̀rọ̀ náà, ìtàdógún.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ẹ̀ta wà níwájú. Dógún tó kẹ́yìn ni “dín ogún” tí ẹnu ti gé kúrú, bó ṣe wà nínú ẹẹ́dógún, àrún tó dín ní ogún. Ẹ̀ta dín ní ogún, 17 nìyẹn.

Èé ṣe tó fi jẹ́ 17? Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa kì í ṣe ọjọ́ méje. Mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Ká ní ọjọ́ Ògún ni wọ́n ń ná ọjà yín, tó sì bọ́ sí òní. Ẹ na ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọmọńdinrín: Ògún, Jàkúta, Ọbàtálá, Awo. Ẹ kan àtàǹpàkò, Ògún tún dé. Ìka márùn-ún ti tán, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ ọjà ọrọọrún. Ẹ máa kà á lọ: Ògún tún bọ́ sí ọjọ́ kẹsàn-án, tí à ń pè ní ìsán, ó bọ́ sí ìkẹtàlá, ó bọ́ sí ìkẹtàdínlógún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ló yí po.

Àwa náà ṣì ń ka ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni ìjẹta? Ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni lórí kàlẹ́ńdà, síbẹ̀ ẹ̀ta wà nínú orúkọ rẹ̀: òní, àná, ìjẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹrin.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti fi “ọ̀sẹ̀ méjì” túmọ̀ ìtàdógún. Ọ̀sẹ̀ méjì òde òní, ọjọ́ 14 ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé fọ́mọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe jẹ́: ọjọ́ 17 tí a bá ka òní mọ́ ọn, 16 tí a kò bá kà á.